Ta Ló Lè Tú .exe Yín Wò? PS2EXE, PyInstaller, PyArmor àti Nuitka Lórí Ìwọ̀n

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣágámù àti Àgọ́-Ìwòyè, ètò kọ̀ǹpútà kéékèèké ti di ọjà tó ń tà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń fẹ́ èyí tó máa ṣírò èlé orí owó tí ọmọ ẹgbẹ́ yá. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ń fẹ́ èyí tó máa tẹ èsì ìdánwò jáde. Akápò régbérégbé ń fẹ́ mọ ẹni tó ti san owó aṣọ àti ẹni tó ṣì jẹ gbèsè kí Ojúde Ọba tó dé. Python ni ọ̀pọ̀ fi ń kọ irú ètò bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn ń lo PowerShell tàbí batch (.bat), èyí tó wà nínú Windows fúnra rẹ̀. Wọ́n á sọ ọ́ di .exe, ìyẹn fáìlì tí Windows ń ṣí tààrà, wọ́n á kó o sórí fíláàṣì, ó di ọ̀dọ̀ oníbàárà.

Bí oníbàárà náà bá wá gbé .exe yẹn fún ọmọ kan ní Òkè-Ajé pé kó yọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ kúrò, kí wọ́n sì jọ máa tà á, ṣé ọmọ náà á rí kóòdù inú rẹ̀? Ọwọ́ irinṣẹ́ tí ẹ lò ni ìdáhùn wà, ìyàtọ̀ àárín wọn kì í sì í ṣe kékeré. Ohun tí a gbé lé ìwọ̀n níbí ni bí ó ṣe ṣòro tó láti yọ kóòdù jáde, àkókò àti iná tí irinṣẹ́ náà máa jẹ, àti ohun tó máa ń bàjẹ́ nígbà tí ètò bá dé ọwọ́ oníbàárà.

Kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́, títí kan tiwa, ẹ fi ojú ara yín rí i. Ẹ fi ìlà kan sínú skírípítì yín, ìyẹn fáìlì tí ẹ kọ kóòdù sí, bíi `ami = "AMIN_IJEBU_77"`, kí ẹ sọ ọ́ di .exe. Ẹ gba strings, ọ̀kan nínú àkójọ Sysinternals tí Microsoft ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ wá kọ `strings eto.exe | findstr AMIN`. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jáde, ìhòòhò ni ọ̀rọ̀ inú àmì àyọlò yín wà. Bí kò bá jáde, ẹ má tíì yọ̀, nítorí ó lè jẹ́ pé a kàn fún un pọ̀ ni. Ẹ ṣí ètò náà, ẹ jẹ́ kó wà lójú, ẹ tẹ Windows àti R pa pọ̀, ẹ kọ `%TEMP%`, kí ẹ wo fóódà tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni àṣírí ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ ti ń tú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kó àwọn tí kò gba àsọgùn kúrò nílẹ̀. IExpress ti wà nínú Windows tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ `iexpress` sínú Run, á yọjú. Ó lè di .bat yín sínú .exe lóòótọ́, ṣùgbọ́n cmd, ètò Windows tó ń ka .bat, kò lè ka ohun tó wà nínú ìdì, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Fóódà IXP000.TMP nínú %TEMP% ló ń tú u sí. Tí skírípítì bá ti ń dúró de kí ẹnì kan tẹ orúkọ, tàbí tó ní `pause` nínú, .bat náà á wà níbẹ̀ gbalaja, Notepad á sì ṣí i. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń jẹ́ Bat to Exe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà yìí náà ni wọ́n ń tọ̀, kódà nígbà tí wọ́n bá kọ ọ́ sára pé àwọn ń tì í pa. Ẹbìrìpò ni wọ́n wé: ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́, ewé ni yóò tú.

PS2EXE ni àwọn tó ń kọ PowerShell fẹ́ràn jù, kò sì burú fún ohun tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. `Install-Module ps2exe`, lẹ́yìn náà `Invoke-ps2exe eto.ps1 eto.exe -noConsole`, ó parí. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Ẹ lè fi àwòrán sí i, ẹ lè fi `-requireAdmin` sọ pé kó béèrè àṣẹ alábòójútó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá kọ èyí:

`eto.exe -extract:C:\kodu.ps1`

Ètò yín fúnra rẹ̀ ni yóò pọ gbogbo kóòdù jáde, pẹ̀lú àlàyé tí ẹ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà àti gbogbo ẹ̀. Kò ní í béèrè páásíwọ́ọ̀dù. Àwọn tó ṣe é kò sì fi pa mọ́, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìlò rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi páásíwọ́ọ̀dù sínú skírípítì tó bá fẹ́ fi PS2EXE dì. Ìdájọ́ wa: ẹ lò ó fún iṣẹ́ inú ilé, fún ẹ̀rọ ọ́fíìsì tiyín. Ẹ má fi ta ọjà.

AutoHotkey, èdè tí a fi ń mú kí Windows ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀, kò yàtọ̀. Ahk2Exe ń fi skírípítì sínú .exe bíi ohun èlò kan lásán, Resource Hacker, irinṣẹ́ tó ń wo inú .exe, á sì ṣí i láàárín kí ẹ tó mí lẹ́ẹ̀mejì. Fún àwọn tó ń tọ́jú sáfà Linux, shc wà: `shc -f eto.sh -o eto`. Ó ń fi RC4, ọ̀nà kan tí a fi ń sọ ọ̀rọ̀ di àṣírí, yí skírípítì po, ẹ sì lè fi `-e` sọ ọjọ́ tí kò ní í ṣiṣẹ́ mọ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé shell, ètò tó ń gba kọ́mándì lórí ẹ̀rọ náà, ló ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà. shc á tú u, á sì gbé gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún shell náà pẹ̀lú `-c`. Ẹni tó bá ní àṣẹ lórí ẹ̀rọ lè ka `/proc`, nọ́ńbà iṣẹ́ náà, `cmdline`, kí ó sì rí i látòkè délẹ̀. Ojú àlejò ni shc lè bò, kò lè bo ojú onílé.

Ó wá ku Python, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ pọ̀ sí.

PyInstaller ni gbogbo èèyàn ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Ọ̀fẹ́ ni, ó yára, ó mọ ọ̀pọ̀ láíbúrárì, ìyẹn kóòdù tí ẹlòmíì ti kọ sílẹ̀ tí ẹ kàn ń pè. Àmọ́ kò sọ kóòdù yín di nǹkan mìíràn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó kó Python fúnra rẹ̀, àwọn láíbúrárì, àti kóòdù yín tí Python ti lọ̀ díẹ̀, ìyẹn .pyc, ó so gbogbo ẹ̀ mọ́ ìdí ètò kékeré kan tó ń jẹ́ bootloader. Ẹni tó bá fẹ́ tú u yóò gba pyinstxtractor, yóò kọ `python pyinstxtractor.py eto.exe`, fóódà kan á yọ tí orúkọ rẹ̀ parí sí `_extracted`. Skírípítì àkọ́kọ́ yín á wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi .pyc pẹ̀lú orúkọ tí ẹ sọ ọ́. Bí Python tó fi tú u bá bá èyí tí ẹ fi dì í mu, àwọn yòókù náà á tú.

Láti .pyc dé .py, ọwọ́ ẹ̀dà Python ló wà. Títí dé 3.8, uncompyle6 máa ń dá kóòdù padà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Àwọn àlàyé tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú # nìkan ló máa ń sọnù, orúkọ fọ́ńṣọ̀n, orúkọ ohun tí ẹ fi pa iye mọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ inú àmì àyọlò, wọn á pé. Fún àwọn ẹ̀dà tó tẹ̀ lé e, pycdc ni wọ́n ń lò. Ó máa ń já sọ́nà nígbà míì, fọ́ńṣọ̀n kan á jáde tán, òmíràn á dúró láàárín. Kí ẹ má gbọ́kàn lé ìyẹn. Ẹni tó bá mọ `dis`, irinṣẹ́ inú Python tó ń fi ìgbésẹ̀ inú .pyc hàn, á ka èyí tó ṣẹ́kù fúnra rẹ̀.

Àwọn kan ṣì ń gba ara wọn nímọ̀ràn pé kí ẹ fi `--key` kún un kó lè tì í pa. Ìmọ̀ràn àtijọ́ ni. Inú .exe kan náà ni kọ́kọ́rọ́ yẹn wà, irinṣẹ́ tó ń yọ ọ́ sì ti wà tipẹ́. Àwọn tó ni PyInstaller fúnra wọn yọ `--key` kúrò láti ẹ̀dà 6.0 lọ́dún 2023. Bí ẹ bá kọ ọ́ báyìí, àṣìṣe ni yóò jáde.

Síbẹ̀, ìṣòro tó ń bá PyInstaller rìn lọ́dọ̀ oníbàárà pọ̀ ju ti olè lọ. Èyí tó burú jù nínú wọn ni `--onefile`, tó ń di gbogbo ètò sí fáìlì kan ṣoṣo, pẹ̀lú SQLite, dátábéèsì tó ń pa àkọsílẹ̀ mọ́ sínú fáìlì kan. Ní gbogbo ìgbà tí ètò bá ṣí, ó ń tú ara rẹ̀ sínú fóódà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `_MEI` nínú %TEMP%. Bí ẹ bá fi `__file__` tàbí `sys._MEIPASS` wá ibi tí fáìlì owó ẹgbẹ́ wà, inú fóódà yẹn ni owó tí akápò kọ sílẹ̀ láàárọ̀ máa lọ, bí ó bá sì ti pa ètò dé, PyInstaller á pa fóódà náà rẹ́. Kò ní í sọ pé àṣìṣe kankan ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo èèyàn á di ẹni tí kò tíì sanwó. Ẹ lo `os.path.dirname(sys.executable)` fún ohunkóhun tí ètò máa kọ nǹkan sí, kí ẹ sì fi `_MEIPASS` mọ sórí àwòrán àti ohun tí a kàn ń kà. Bí iná bá lọ lójijì lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní bátìrì, fóódà `_MEI` kò ní í rí ẹni pa á rẹ́. Wọ́n á máa pọ̀, àyè á máa tán lórí díìsìkì, oníbàárà á sì sọ pé ètò yín ló ń jẹ ẹ̀rọ òun.

Antifáírọ́ọ̀sì náà ń kọ́? Windows Defender máa ń mú `--onefile` láìṣẹ̀ láìrò. Ìdí rẹ̀ ni pé bootloader kan náà ni àwọn tó ń ṣe fáírọ́ọ̀sì ń lò, àmì tí wọ́n fi dá wọn mọ̀ á sì wà lára tiyín náà. Ẹ lo `--onedir`, tó ń kó ètò sínú fóódà, dípò rẹ̀, ẹ fi `--noupx` kún un kó má baà fi UPX fún un pọ̀, ó máa ń dín kù gan-an. Ìṣòro `--onedir` láti ẹ̀dà 6.0 ni pé gbogbo nǹkan wà nínú fóódà `_internal`. Oníbàárà á gbé .exe nìkan sórí fíláàṣì, á fi `_internal` sílẹ̀, á wá pè yín láti Ìkẹ́nnẹ́ pé kò ṣí. Inno Setup ni ẹ fi tún gbogbo ẹ̀ dì sí ẹyọ kan tí wọ́n á máa fi sórí ẹ̀rọ.

Ẹ rántí pé àwọn ọ́fíìsì kan lè ṣì máa lo Windows 7. Python 3.8 ni ó kẹ́yìn tó gbà á. Bí ẹ bá dì í pẹ̀lú 3.12, kò ní í ṣí níbẹ̀. Èyí sì tako ọ̀rọ̀ ààbò, nítorí 3.8 yẹn gan-an ló rọrùn jù láti tú. Ẹ mọ èyí tí ẹ máa mú.

PyArmor ni irinṣẹ́ tí wọ́n dìídì ṣe láti fi kóòdù Python pa mọ́. `pip install pyarmor`, lẹ́yìn náà `pyarmor gen eto.py`. Fóódà `dist` á yọ, nínú rẹ̀ ni eto.py tí kò ṣeé kà wà, àti fóódà `pyarmor_runtime_000000` tó gbọ́dọ̀ máa bá a rìn. Èyí tó wúlò fún ẹni tó ń ta ọjà ni pé ẹ lè fi ọjọ́ ìparí sí i, ẹ sì lè so ó mọ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo pẹ̀lú `-b`. Fún ilé ẹ̀kọ́ tí kò tíì san owó tó kù, `-e 30` ń mú kó dúró lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: bí ẹ bá kọ ọ́ báyẹn, íntánẹ́ẹ̀tì ló ń lọ béèrè ọjọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí dátà kò bá sí lórí ẹ̀rọ náà, ètò kò ní í ṣí rárá, àní fún ẹni tó san owó ní kíkún. Ẹ fi àmì ìdánudúró síwájú, `-e .30`, kó máa wo aago ẹ̀rọ nìkan. Oníbàárà ọlọ́gbọ́n lè dá aago padà, ìyẹn sì ni ohun tí ẹ fi gba ìrọ̀rùn. Ọ̀rọ̀ `-b` náà rí bẹ́ẹ̀: bí wọ́n bá so ó mọ́ háàdì-díìsìkì, tí háàdì-díìsìkì bá kú, ẹ̀yin ni wọ́n máa pè. Ẹ fi owó iṣẹ́ yẹn sínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ rẹ̀ kò gba skírípítì tó bá tóbi. Bí ẹ bá ti kó gbogbo iṣẹ́ sínú fáìlì kan ṣoṣo, ó lè kọ̀ jálẹ̀. Dọ́là ni wọ́n fi ń ta láísẹ́ǹsì. Ohun mìíràn tó ń da àwọn èèyàn láàmú: bí ẹ bá fi PyArmor bo kóòdù, tí ẹ wá gbé e fún PyInstaller, PyInstaller kò ní í rí àwọn láíbúrárì tí kóòdù náà ń pè mọ́, ètò á dì dáadáa, á sì wó nígbà tí wọ́n bá ṣí i. `pyarmor gen --pack onefile eto.py` ló ń yanjú rẹ̀, nítorí kóòdù àkọ́kọ́ ni ó kọ́kọ́ ń wò. Ní ti agbára, ó lè mú ẹni tí kò ní sùúrù padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n àwọn irinṣẹ́ tó ń tú u ti wà níta. A kò ní í san owó rẹ̀ tìtorí ìfipamọ́ nìkan. Tìtorí `-e` àti `-b`, ó tó ohun à ń san owó fún.

Nuitka ni a gbé sókè jù. Kì í dì, ńṣe ló ń sọ Python di C, lẹ́yìn náà kọ̀ǹpáílà C á sọ ọ́ di èdè ẹ̀rọ. Kò sí .pyc tiyín nínú rẹ̀ tí pyinstxtractor máa yọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ẹ ṣe ṣírò èlé gbọ́dọ̀ jókòó ti Ghidra, irinṣẹ́ tó ń tú èdè ẹ̀rọ wò, kó máa ka èdè ẹ̀rọ. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ nínú àwọn tó máa jí ètò alájẹṣẹ́kù, ta ló ní irú àkókò yẹn? Ó máa yá a lára láti kọ tiẹ̀.

`python -m nuitka --standalone --enable-plugin=tk-inter --windows-console-mode=disable eto.py`

Nígbà àkọ́kọ́, á béèrè bóyá kó gbé kọ̀ǹpáílà wálẹ̀ bí kò bá rí Visual Studio. Ẹ dáhùn Yes, kí ẹ sì ní dátà tó pọ̀ lọ́wọ́. Àkókò ni owó rẹ̀. Ètò kékeré tó lo tkinter, láíbúrárì fèrèsé àti bọ́tìnnì, lè parí láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, èyí tó bá lo pandas, láíbúrárì ńlá fún tábìlì dátà, lè ju ààbọ̀ wákàtí lọ lórí láàpútọ́ọ̀pù onírámù 4 GB, ó sì lè kú láàárín nítorí àìtó rámù. `--low-memory` àti `--jobs=1` ni ẹ fi kún un, ó máa pẹ́ sí i ṣùgbọ́n ó máa parí. Bí IBEDC bá mú iná lọ láàárín, kì í bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pátápátá: ccache ń pa èyí tó ti ṣe tán mọ́. Bó bá jẹ́ pé Excel nìkan ni ẹ torí ẹ̀ pe pandas, ẹ fi openpyxl, láíbúrárì Excel tó kéré, rọ́pò rẹ̀, kí ara lè tu gbogbo yín.

Ọ̀nà kan wà tí kò gba gbogbo àkókò yẹn, òun ni a fẹ́ràn jù. Ẹ kó ìṣírò tó jẹ́ òógùn yín, èlé, èsì, láísẹ́ǹsì, sínú fáìlì kan, ká pè é ní `koko.py`. Ẹ kọ `python -m nuitka --module koko.py`, á fún yín ní `koko` tó jẹ́ .pyd, ìyẹn láíbúrárì tó ti di èdè ẹ̀rọ. Ẹ gbé `koko.py` kúrò nínú fóódà náà, kí ẹ wá fi PyInstaller di ìyókù. Bí ẹ bá gbàgbé láti gbé e kúrò, àgọ́ yín ti ṣí sílẹ̀, PyInstaller lè kó òun náà wọlé. PyInstaller kò lè rí ohun tí .pyd ń pè, nítorí náà ẹ fi `--hidden-import` dárúkọ láíbúrárì kọ̀ọ̀kan. Fọ́ọ̀mù àti bọ́tìnnì á ṣeé tú, jẹ́ kí wọ́n tú u. Ìka tó tọ́ sí imú ni a fi ń re imú.

Nísinsìnyí, ẹ padà sí AMIN_IJEBU_77. Ẹ fi strings wo .exe tí Nuitka ọ̀fẹ́ ṣe pẹ̀lú `--standalone`. Ọ̀rọ̀ náà á jáde! Ìṣirò yín ni Nuitka sọ di èdè ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ inú àmì àyọlò ṣì wà bó ṣe wà. Ẹ̀dà olówó rẹ̀ ló ń bo ìyẹn. Nítorí náà, kò sí ìkankan nínú gbogbo irinṣẹ́ yìí tó yẹ kí ẹ fi páásíwọ́ọ̀dù dátábéèsì sí inú rẹ̀. Èyí tó máa ń já wa láyà jù ni kọ́kọ́rọ́ Paystack tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `sk_live_`, tí àwọn kan ń fi sínú ètò tó ń gba owó oṣù ẹgbẹ́. Ẹni tó bá rí i lè fi bá Paystack sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ̀yin ni. Orí sáfà ni ibùjókòó rẹ̀: ètò tó wà lọ́dọ̀ oníbàárà á bá sáfà yín sọ̀rọ̀, sáfà á bá Paystack sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ti fi í ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni nínú .exe rí, ẹ wọ dáṣíbọọ̀dù lónìí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ fi àdéhùn tì í lẹ́yìn pẹ̀lú. Copyright Act 2022 ti Nàìjíríà ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ lítíréṣọ̀, ìwé kan tí oníbàárà buwọ́ lù pé òun kò ní í ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹlòmíì sì wúlò ju ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ yìí lọ.

Ohun tó kù ni ti fáìlì .py yín. Ẹni tó fi PyInstaller di ètò, tí láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ bá sọnù, lè gba .exe padà lọ́dọ̀ oníbàárà kó fi pyinstxtractor gba èyí tó pọ̀ nínú kóòdù rẹ̀ padà. Ẹni tó lo Nuitka kò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó kọ kọ́mándì rẹ̀, ẹ ti kó kóòdù náà sí ibi ìpamọ́ aládàáni lórí GitHub tàbí GitLab, kí ẹ sì kọ ẹ̀dà Python tí ẹ lò àti `pip freeze`, àkójọ láíbúrárì pẹ̀lú ẹ̀dà wọn, mọ́ ọn.